Ìbọn ìléwọ́ tó fúyẹ́: Láti Amẹ́ríkà dé àgbẹ̀dẹ Ghana

Ẹni tó bá ní ìbọn ìléwọ́ ní Ayigya, ládùúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fásitì KNUST ní Kumasi, gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kó sì máa sọ ìwé àṣẹ náà dọ̀tun lọ́dọọdún. Bí irú ìbọn yìí ṣe ń kéré sí i ni iṣẹ́ òfin ń le sí i.

Ọdún 1836 ni Samuel Colt gba ẹ̀tọ́ lórí ìbọn tí ilé ọta rẹ̀ ń yí ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1935, ilé iṣẹ́ Smith & Wesson gbé ọta .357 Magnum jáde. Ní 1950, ó ṣe ìbọn kékeré Chiefs Special, ọlọ́ta márùn-ún. Lẹ́yìn náà ló fi àlùmíníọ̀mù àti scandium ṣe èyí tó ń yin Magnum, tí kò tó 350 gíráàmù.

Ìbọn náà rọrùn láti fi sápò, àmọ́ ó nira láti yìn. Bó ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe ta ọwọ́ sẹ́yìn tó, ọta kejì sì lè ṣìnà.

Ìbọn gígùn ni àwọn jagunjagun Asante gbé nígbà ogun Yaa Asantewaa lọ́dún 1900. Kò ṣe é fi pamọ́. Lónìí, àwọn alágbẹ̀dẹ kan ní Ghana ń rọ ìbọn ìléwọ́ ní bòókẹ́lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fàyè gbà á láìsí àṣẹ.

Lọ́dún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn lórí irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ nílùú Abuja. Ghana dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2007.