Ohun tí Ẹ̀yìnkùlé Kan ní Kétu Fi Hàn Wá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sábà máa ń rò pé inú ìwé àti ààfin nìkan ni ìtàn Kétu wà. Èyí ló mú kí a yan ẹ̀yìnkùlé kan nínú ìlú, tí a sì ń lọ wò ó láti oṣù kẹrin títí di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e.

Orí ilẹ̀ gíga ni a tẹ Kétu dó sí, omi sì jìnnà púpọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Òjò ni ọgbà ń gbójú lé. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìyá onílé gbin àgbàdo àti ata rodo sáàárín ewúro rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, àgbàdo ti ga bo gbogbo nǹkan yòókù. Ẹni tó bá rí i nígbà náà yóò sọ pé oúnjẹ àwọn baba ńlá wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Amẹ́ríkà ni àgbàdo, ata rodo, ẹ̀gẹ́ àti ìbẹ́pẹ ti wá, lẹ́yìn ọdún 1492. Òkun kan náà ni wọ́n gbà kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Brazil, níbi tí orúkọ Kétu ṣì wà nínú Candomblé ní Bahia títí di òní.

Òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Nígbà tó padà, ẹ̀wà ni ìyá gbìn, irúgbìn ilẹ̀ Áfíríkà gan-an.

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé. Àgbàdo ti di pòròpórò, ilẹ̀ ti la ẹnu. Pèrègún àti akòko tó wà létí ọgbà nìkan ló tutù yọ̀yọ̀, ibẹ̀ ni a sì ti rí ohun tí a wá.

Ní ọdún 1886, ọmọ ogun Glele, ọba Dàhọ̀mì, dó ti Kétu títí ebi fi mú ìlú. Wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Abomey. Kétu di ahoro fún bí ọdún mẹ́jọ, títí àwọn Faransé fi ṣẹ́gun Behanzin, tí àwọn tó ṣẹ́kù sì padà wálé ní nǹkan bí ọdún 1894. Ilé amọ̀ a máa wó, òjò a sì máa fọ̀ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n akòko tí a gé tàbí tí iná jó a máa rúwé láti ìdí. Ibi tí wọ́n bá ti rí òun àti pèrègún nínú igbó, àwọn àgbà mọ̀ pé ilé ti wà níbẹ̀ rí. Ìyá onílé sọ fún wa pé ìdí akòko yìí ni àwọn baba ọkọ òun fi mọ ojúlé wọn nígbà tí wọ́n padà dé. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwa gbà á gbọ́.

Àwọn ọmọ ilé fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. A kò lè dá wọn lẹ́bi, torí ẹ̀wà ẹ̀yìnkùlé kò tó san owó ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn ní oṣù kejì, búlọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ìdí rẹ̀, wọ́n ya àwòrán ibi tó dúró sí, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ìyá sílẹ̀. Ìwé náà wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa báyìí.