Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Èdè Tí A Kì Í Fetí Gbọ́

Bí Yorùbá bá fẹ́ mọ̀ bóyá èdè kan yé ènìyàn, "Ṣé o gbọ́ ọ?" ni yóò bi í. A ní lágbájá gbọ́ Haúsá, a ní tàmẹ̀dù kò gbọ́ Faransé. Etí ni èdè ń gbà wọlé lọ́dọ̀ wa, ẹnu ló ń gbà jáde. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wa sì jókòó láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, tí iṣẹ́ wọn di ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, etí àti ẹnu náà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: ìró, ohùn, àfipè, ìsẹ́nupè. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mo sì ń jẹ nínú rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò lè gbé, nítorí pé ẹni tó ń kọ́ èdè níbẹ̀ lè má gbọ́ ohùn rí láyé rẹ̀. Ẹ̀ka náà ni kíkọ́ àwọn adití ní èdè inú ìwé.

Bràsíl ni mo ti mú àpẹẹrẹ, torí pé òfin ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2002, Òfin 10.436 fọwọ́ sí i pé Libras, èdè tí àwọn adití ilẹ̀ náà ń fi ọwọ́, ojú àti ara sọ, jẹ́ ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tó bófin mu. Òfin kan náà ní Libras kò lè rọ́pò Potogí inú ìwé. Àṣẹ 5.626 tẹ̀lé e ní oṣù kejìlá ọdún 2005, ó sì yanjú ọ̀rọ̀ náà: Libras ni èdè àkọ́kọ́ fún adití, Potogí tí a kọ sílẹ̀ ni èdè kejì. Ní 2021, Òfin 14.191 fi ẹ̀kọ́ elédè méjì fún àwọn adití sínú òfin àgbà tó ń darí ètò ẹ̀kọ́ Bràsíl. (Potogí ni mo ń pè é. Àwọn àgbà Èkó kan lè fẹ́ kí n pè é ní èdè Àgùdà, nítorí àwọn ènìyàn wa tó ti Bràsíl padà wálé, ṣùgbọ́n ìjọ Kátólíìkì ni Àgùdà ń tọ́ka sí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn báyìí.)

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití, ní 1954, ló dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, tó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ adití ilẹ̀ wa ti ń fi ọwọ́ sọ èdè kan, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń dúró dè wọ́n lójú ìwé. Ìṣòro ọmọ Ìbàdàn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ti ọmọ Rio pẹ̀lú Potogí, ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí olùkọ́ wa bá fẹ́ kọ́ ọgbọ́n lára àwọn ará Bràsíl, kó sì fi Yorùbá jíròrò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òbí ọmọ, kí ni yóò máa pe nǹkan?

Orúkọ ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́. Ní 1857, nígbà ìjọba Pedro Kejì, Huet, adití ọmọ Faransé, dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Rio de Janeiro. Ilé ẹ̀kọ́ náà wà títí dòní, INES ni wọ́n ń pè é. Fún ìgbà pípẹ́, "surdo-mudo" ló wà nínú orúkọ rẹ̀, adití tó tún jẹ́ odi. Ní 1957 ni wọ́n yọ "mudo" kúrò. Àwọn adití kò fẹ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì jàre. Ẹni tó ní èdè tó pé, tó ń fi í jiyàn, tó ń fi í pa àlọ́, tó ń fi í bá ọmọ rẹ̀ wí, kì í ṣe odi. Èmi kò ní fi "odi" sínú ìwé olùkọ́ kankan. "Adití" ni mo di mú. Mo mọ̀ pé a máa ń fi etí dídi bú ọmọ tó ya olóríkunkun, pé àwọn kan yóò sì fẹ́ ọ̀rọ̀ tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn adití Bràsíl ń fi ìgbéraga pe ara wọn ní "surdo", wọn kò sì fẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tó ń ka àbùkù sí wọn lára. Ẹnìkejì wọn, ẹni tí etí rẹ̀ là, ló ṣòroó pè. Bí mo bá ní "ẹni tó ń gbọ́ràn", mo ti yìn ín fún ìwà rere, mo sì ti fi hàn pé aláìgbọ́ràn ni adití. Agbọ́hùn ni mo ń pè é. Ohùn ló ń gbọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti "gbọ́ Potogí", mo fi í sílẹ̀ fún ẹnu ọjà. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tí kò sí etí nínú rẹ̀ rárá: mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ìyẹn gan-an ni Àṣẹ 5.626 ń fẹ́ kí adití dà nínú Potogí.

Ọ̀rọ̀ tí mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni èyí tí a óò fi pe ohun tí ọwọ́ ń sọ. Àwọn kan ń lo "àmì". Ó dùn ún pè, ó sì yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n wo kíláàsì tí a ti ń kọ́ ìwé kíkọ. Àmì ohùn wà, àmì ìdánudúró wà, Potogí fúnra rẹ̀ sì kún fún àmì ara lẹ́tà: é, ã, ç. Olùkọ́ ní, "O gbàgbé àmì." Èwo nínú wọn? Ti inú ìwé ni àbí ti ọwọ́? A ti ní "àfẹnusọ" tipẹ́ fún ohun tí a fi ẹnu sọ. Mo dábàá "àfọwọ́sọ" fún ohun tí a fi ọwọ́ sọ: àfọwọ́sọ kan, àfọwọ́sọ méjì, èdè àfọwọ́sọ fún Libras àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè sọ pé ojú, èjìká àti orí náà ń kó ipa nínú èdè adití, pé "ọwọ́" nìkan kò tó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ahọ́n, ọ̀fun àti imú wà nínú àfẹnusọ, a kò sì dárúkọ wọn.

Láti ibẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. William Stokoe fi hàn ní 1960, nínú iṣẹ́ tó ṣe lórí èdè àwọn adití Amẹ́ríkà, pé àwọn ẹ̀yà kéékèèké ló para pọ̀ di àfọwọ́sọ, bí ìró ṣe ń para pọ̀ di ọ̀rọ̀. Lucinda Ferreira Brito àti, lẹ́yìn rẹ̀, Ronice Müller de Quadros àti Lodenir Karnopp tẹ̀ síwájú nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí Libras. Ìrísí ọwọ́, ojúkò, ìrìn ọwọ́, ìdojúkọ àtẹ́lẹwọ́, ìṣesí ojú: mo rò pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yé kí n tó ṣàlàyé wọn. "Ojúkò" nìkan ló nílò àlàyé díẹ̀. "Ponto de articulação" ni wọ́n ń pè é ní Potogí, ẹni tó bá sì ṣí ìwé ìperí wa yóò rí "ibi ìsẹ́nupè", tó dára fún ìró /b/ àti /k/. Àmọ́ ní Libras, ọwọ́ tó ń pa dé tó ń ṣí níwájú orí ni "kíkẹ́kọ̀ọ́". Gbé ọwọ́ kan náà wá síwájú ẹnu, kó máa pa dé kó máa ṣí bẹ́ẹ̀, ó ti di "ọjọ́ Sátidé". Ojúkò nìkan ló yí padà. Ọmọ Yorùbá tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ní bèèrè bóyá èdè gidi nìyẹn. Iwájú orí kì í sì í ṣe ibi ìsẹ́nupè.

Fífi ìka to lẹ́tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo ń pè é ní ìfọwọ́-sípẹ́lì, nítorí pé "sípẹ́lì" ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń sọ.

"Èdè abínibí" tún ni ọ̀rọ̀ tí kò bá ibí mu. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ adití ni agbọ́hùn bí. Ìyá ń sọ Potogí, ọmọ kò gbọ́. Libras tí yóò di tirẹ̀, ìyá kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ilé ẹ̀kọ́ láìtíì ní èdè kan tó pé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pàdé adití bíi tiwọn. Bí a bá pe Libras ní èdè abínibí, a ti purọ́ mọ́ ìyá; bí a bá pe Potogí bẹ́ẹ̀, a ti purọ́ mọ́ ọmọ. "Èdè àkọ́kọ́" ni kí a lò fún Libras. Fún Potogí, "èdè àkọ́kúntẹni" tí àwọn onímọ̀ wa ti ń lò ṣe rẹ́gí, nítorí ó ń rán olùkọ́ létí pé ọmọ gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ kí a tó kọ́ ọ kún un. Ìgbà kan wà tí a kò tẹ̀lé èyí: ní àpérò àwọn olùkọ́ adití ní Milan ní 1880, àwọn agbọ́hùn tó pọ̀ jù níbẹ̀ ní ẹnu ni kí a fi kọ́ adití, kí ọwọ́ dákẹ́. Ẹ̀kọ́ àfẹnusọ yẹn gba ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọmọ á sì lo ọdún gbọọrọ lórí bí yóò ṣe pe lẹ́tà tí kò lè gbọ́, nígbà tí kò tíì ní èdè kan tí yóò fi sọ pé inú ń run òun.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ìwé. Irú gbólóhùn tí olùkọ́ máa ń rí nìyí: "Ontem eu ir casa vovó." Ohun tí ọmọ fẹ́ sọ ni pé lánàá òun lọ sí ilé ìyá àgbà. Bí Potogí ṣe fẹ́ ẹ ni "Ontem eu fui à casa da vovó." Wo ohun tó dí ọmọ yìí lọ́nà. "Ir" ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà nínú ìwé atúmọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di àná, "fui" ló ń dà, tí kò jọ "ir" níbì kankan. "Fui" kan náà sì tún ni àná ọ̀rọ̀-ìṣe "ser", tó túmọ̀ sí "jẹ́". "À" tó kéré yẹn, ọ̀rọ̀ méjì ló lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀, ọ̀rọ̀-atọ́kùn àti ọ̀rọ̀ tó ń fi hàn pé abo ni ilé. "Da" náà, méjì ni. Ọmọ agbọ́hùn ti gbọ́ "fui" àti "da" lẹ́nu ìyá rẹ̀ láìníye kó tó mọ lẹ́tà. Orí ìwé ni ọmọ adití ti kọ́kọ́ bá wọn pàdé. Ní Libras, ó ti sọ "àná" lákọ̀ọ́kọ́, àkókò ti dúró, ọ̀rọ̀-ìṣe kò ní ìdí láti pa àwọ̀ dà.

Ṣé kò yẹ kó yé Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ? Lánàá mo lọ, lójoojúmọ́ ni mò ń lọ, lọ́la màá lọ: "lọ" kò yí padà. Akọ tàbí abo, "ó" ni. Tábìlì kò ní akọ, ilé kò ní abo. Bí ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ Potogí bá kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, a ó mọ̀ pé èdè rẹ̀ ló ń tẹ̀lé.

Láti 1972 tí Larry Selinker ti kọ̀wé lórí rẹ̀, àwọn onímọ̀ ti fún irú èdè tí ọmọ adití yẹn fi kọ gbólóhùn rẹ̀ lórúkọ: "interlíngua" ni Potogí ń pè é. Kì í ṣe Libras, kò tíì di Potogí, ó sì ní òfin tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àṣìṣe ni wọ́n ń kà á sí, wọ́n á fi bíírò pupa kùn ún. Mo pè é ní "èdè ojú ọ̀nà". Mo gbèrò "èdè agbedeméjì", ṣùgbọ́n agbedeméjì lè dúró síbi kan títí ayé, ẹni tó wà lójú ọ̀nà sì ń lọ síbì kan. Olùkọ́ tó ń máàkì nílò ọ̀rọ̀ yẹn gidigidi. Àṣẹ 5.626 ní bí wọ́n bá ń máàkì ìwé adití, kí wọ́n fi ojú èdè kejì wò ó, kí ìtumọ̀ ohun tó kọ ṣe pàtàkì, kí wọ́n sì gbà pé ọ̀nà tó gbà kọ Potogí yàtọ̀. Ní 2017, nínú ENEM, ìdánwò tó ń múni wọ yunifásítì, ẹ̀kọ́ àwọn adití ni àkòrí àròkọ, ọdún yẹn kan náà sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò Libras gbé ìbéèrè kalẹ̀ fún wọn.

Ẹ má ṣe da èdè ojú ọ̀nà pọ̀ mọ́ "glosa". Ìyẹn ni kí onímọ̀ máa fi ọ̀rọ̀ Potogí ní lẹ́tà ńlá dúró fún àfọwọ́sọ kọ̀ọ̀kan: ONTEM EU IR CASA VOVÓ. Lójú, ó jọ gbólóhùn ọmọ yẹn gan-an, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rò pé Libras jẹ́ Potogí tí kò pé. Irọ́ ni. Ojú tó yí padà, ọwọ́ tó lọ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣèrànwọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí à ń ràn lọ́wọ́, kò sí èyí tí lẹ́tà ńlá gbé. "Àkọdípò" ni mo pè é, ohun tí a kọ dípò òmíràn.

Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, orí ìwé ni wọ́n ṣì wà, agbọ́hùn ló sì dá wọn. Àwọn adití ní Bràsíl ń dá àfọwọ́sọ tiwọn fún ọ̀rọ̀ ìmọ̀, irú èyí tí Enilde Faulstich ní Yunifásítì Brasília fún lórúkọ "sinal-termo". Àfọwọ́sọ-ìperí ni èmi yóò pè é. Ojúkò, èdè ojú ọ̀nà, èdè àkọ́kúntẹni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nílò ọwọ́ tí yóò sọ ọ́, àwọn olùkọ́ tó jẹ́ adití ló sì ni iṣẹ́ yẹn. Bí ọ̀kan nínú wọn ní Ìbàdàn tàbí Èkó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "àkọdípò" lọ, tirẹ̀ ni kí a tẹ̀ sínú ìwé.