Ta ni à ń pè ní ènìyàn?

Nígbà èwe mi ní Ìgèdè-Èkìtì, ọkùnrin kan lé ìyá rẹ̀ jáde nílé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni àwọn àgbà wí: "Èyí kì í ṣe ènìyàn." Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú, nítorí mo ṣáà ń rí i tí ó ń lọ sí oko.

Àwọn Júù tí ń sọ èdè Yídíìṣì ní ìlà-oòrùn Yúróòpù ní irú ọ̀rọ̀ yìí: mentsh. Ènìyàn lásán ni Mensch lẹ́nu àwọn ará Jámánì. Lẹ́nu àwọn Júù, ó di orúkọ ẹni tí ìwà rẹ̀ tọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa fi ọmọlúàbí túmọ̀ rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. "Ọmọ" ni ó bẹ̀rẹ̀ ọmọlúàbí, ó ń rán wa létí ẹni tí ó bíni. Ìjọba pàápàá ti sọ ọ́ di àkọlé, nígbà tí Ọ̀ṣun, lábẹ́ Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá (2010 sí 2018), ń pe ara rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí. Ènìyàn gan-an ni ó bá mentsh dọ́gba. Wándé Abímbọ́lá ti fi hàn ní 1975 pé láti ara "wà" ni a ti ṣẹ̀dá "ìwà". Ẹni tí kò ní ìwà, ṣé a lè ní ó wà?

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ mú ìyá rẹ̀ padà wálé, àwọn àgbà ní, "Ó ti di ènìyàn." Lónìí, ẹni tí ó kọ́lé, tí ó ra ọkọ̀, ni a ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, a kì í sì í béèrè ibi tí ìyá rẹ̀ ń sùn.