Ta Ni Ó Kọ Òfin Ìṣubú Sínú Kọ̀ǹpútà?

Èso kòkó tí ó já lára igi ní oko Ofosu, ní ilẹ̀ Ìdànrè, kì í béèrè ọ̀nà kí ó tó balẹ̀. Isaac Newton kọ òfin tí ó ń fà á wálẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1687. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà, ohunkóhun kì í já bọ́ fúnra rẹ̀ àfi bí ẹnìkan bá kọ òfin náà síbẹ̀. Ta ni ẹni náà? Ìbéèrè tí mo gbé wá nìyí.

Ní ọdún 2001, Casey Reas àti Ben Fry bẹ̀rẹ̀ Processing ní MIT, ní Amẹ́ríkà, kí àwọn ayàwòrán lè máa fi àṣẹ kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ọnà. Sketch ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀. Lauren McCarthy bẹ̀rẹ̀ p5.js, àbúrò rẹ̀, ní ọdún 2013. Àwọn méjèèjì lè ya òkúta, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé òkúta wúwo. Box2D, tí Erin Catto gbé jáde ní ọdún 2007, àti Matter.js, tí Liam Brummitt gbé jáde ní ọdún 2014, ni wọ́n dí àlàfo yìí.

Báwo ni a ṣe ń so wọ́n pọ̀? A ó kọ́kọ́ pe fáìlì Matter.js ṣáájú sketch wa. A ó dá ẹ́ńjìnì sílẹ̀, a ó sì kó àwọn ohun wa sínú ayé rẹ̀; ilẹ̀ nìkan ni a ó sọ di ohun tí kì í yẹ̀. Nígbàkúùgbà tí a bá tún àwòrán yà, ẹ́ńjìnì yóò gbé ìṣísẹ̀ kan. Òun ni ó ń ṣírò, p5.js ni ó ń yà. Àárín ohun ni Matter.js fi ń mọ ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n igun òkè lápá òsì ni p5.js ti ń bẹ̀rẹ̀ onígun mẹ́rin. Bí a kò bá pa àṣẹ kí ó lo àárín, ohun tí ojú rí kò ní bá ohun tí ń kọlura mu.

Àwọn kan ní ẹ́ńjìnì àmúlò yìí yóò sọ ọmọ wa di ọ̀lẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, bí a bá tẹ̀ lé ètò tí Daniel Shiffman lò nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2012, The Nature of Code: agbára àti ìyára ni ó kọ́kọ́ kọ́ni láti fi ọwọ́ ara ẹni kọ, ẹ́ńjìnì tẹ̀ lé e. Kí ọmọ Ofosu ṣe bẹ́ẹ̀. Kí fáìlì náà sì wà nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí iṣẹ́ má baà dúró nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Ìwé àṣẹ Matter.js gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣí i wò, kí ó sì tún un ṣe. Ẹni tí ó bá mọ òfin kà nìkan ni àyè yìí wúlò fún.