Ilé-Ẹ̀kọ́ Inú Ilé Nígbà Tí Ọ̀nà Dí

Ẹni tí ó bá ti Dùgbẹ̀ wá sí Àpáta, tí ó kọjá Odò-Ọ̀nà àti Moor Plantation, bí kò bá yà síbì kankan, ọ̀nà tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbé e dé Abẹ́òkúta. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi etí mọ ọ̀nà yìí láti inú ilé: ọkọ̀ agbépo tí ó ń kùn lọ síbi tí a ń kó epo bẹntiróòlù pamọ́ sí, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó ń pe Dùgbẹ̀, àwọn ọmọ Government College, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1929, tí wọ́n ń pariwo bọ̀ nílé. Ní ìparí oṣù Kẹta, ọdún 2020, bí aago méje alẹ́ bá ti lù, gbogbo rẹ̀ a pa lọ́lọ́. Ajá nìkan ni ó kù tí ń gbó.

Nítorí àwọn tí yóò ka ìwé yìí lẹ́yìn wa, ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an. Àrùn Kòrónà wọ Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún náà. Ní 29 oṣù Kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ pé kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá má ṣe jáde nílé. Ti Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní 3 oṣù Kẹrin. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò ti ìlú pa lọ́sàn-án ní tirẹ̀. Gómìnà Ṣèyí Mákindé, tí àrùn náà mú òun pàápàá láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní 27 oṣù Kẹta, ó sì dá ìrìn òru dúró láti aago méje alẹ́ títí di mẹ́fà òwúrọ̀. Kónílé-ó-gbélé ni gbogbo ènìyàn ń pe ọ̀ràn náà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn ni orúkọ yẹn ti bá ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́ mu jù, nítorí ìrìn òru ni àwọn àgbà mọ̀ ọ́n mọ́ láyé rògbòdìyàn àti láyé sójà. Lọ́sàn-án, ọjà oúnjẹ ṣí, gàárì sì gbówó lórí. Ọ̀nà Abẹ́òkúta ni ó dí. Ẹni tí kì í bá ṣe oúnjẹ tàbí oògùn ni ó gbé, bí ó bá dé ààlà Ògùn, ó di dandan kí ó padà. Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn jákèjádò orílẹ̀-èdè, wọn kò sì tú u títí di 1 oṣù Keje.

Àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní òpópó kan náà pẹ̀lú mi. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, wọn kì í sì í ṣe onígbàgbọ́ ojú ayé. Láti 2017 ni wọ́n ti mú àwọn ọmọ wọn mẹ́ta kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń kọ́ wọn nílé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹ̀kọ́ ìwé àti ẹ̀kọ́ Bíbélì jọ máa rìn. Owó ilé-ẹ̀kọ́ sì ti ń ga jù fún wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fi èyí ṣáájú bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe iṣẹ́ olùkọ́, n kò fara mọ́ ọn. Mo rán an létí òfin 2004 tí ó pa á láṣẹ fún òbí pé kí ọmọ parí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Mo bi í pé ọmọ tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà rí, báwo ni yóò ṣe mọ bí a ti ń parí ìjà? Ó dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.” A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tó ọdún méjì tí a kò bára wa sọ ọ́ mọ́.

Nígbà tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wá dì pa, tiwọn nìkan ni kò yí padà. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni ìsìn. Wọn a kọ orin, àwọn ọmọ a ka Bíbélì ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi a sì gba àdúrà tí ó máa ń gùn ju bí ebi ọmọdé ti lè fara dà lọ. Ìyá wa, tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Àmín tirẹ̀ ni ó máa ń dún jù. Lẹ́yìn ògì àti àkàrà, tábìlì oúnjẹ a di tábìlì ìwé. Ìṣirò ni wọ́n fi ń ṣáájú nígbà tí orí ṣì tutù, èdè Yorùbá a tẹ̀lé e. Mo yìn wọ́n fún èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni kò náání rẹ̀. Lọ́sàn-án, wọn a ro ilá ẹ̀yìnkùlé, wọn a fọ aṣọ. Ní Ọjọ́ Àjíǹde, 12 oṣù Kẹrin, tí ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì, inú pálọ̀ ni wọ́n ti sìn. Ọmọ wọn àbíkẹ́yìn gbé àwo ọrẹ káàkiri láàárín ènìyàn mẹ́fà bí ẹni pé ìjọ kún.

Ìgbà náà ni mo tún mú ìtàn Kúdẹtì kà. David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán níṣẹ́, àti Anna ìyàwó rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853. Ilé tí wọ́n kọ́ sí Kúdẹtì ni ilé ìgbé wọn, òun náà ni ilé-ẹ̀kọ́. Lára àwọn ọmọ tí a kọ́kọ́ fi sọ́dọ̀ wọn ni Yéjídé àti Akínyẹlé, àwọn ọmọ ìjòyè Olúnlọ́yọ̀ọ́. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ń sùn, níbẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà tí wọ́n sì ń kọ́ ABD. Daniel Olúbì, tí ó ti Abẹ́òkúta bá wọn wá, ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní 1859, Aláàfin Àtìbà wàjà, Adélù ọmọ rẹ̀ sì gorí oyè. Kúrunmí ti Ìjàyè kò gbà, nítorí àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ogun bẹ́ ní 1860. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà Abẹ́òkúta sì dí, ọ̀nà kan náà tí a fi máa ń kó ẹrù àti lẹ́tà wá láti etí òkun. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú kò sàn jù ú lọ. Ìjàyè fọ́ ní 1862, síbẹ̀ ọ̀nà kò là. Owó ẹyọ tán nílé Hinderer. Oògùn kò dé, aṣọ gbó sí wọn lára, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù inú ilé láti fi ra oúnjẹ. Nínú ìnira yìí ni àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ wọn, tí ẹ̀kọ́ ń lọ. Nígbà tí ó di 1865, Glover, tí ń ṣàkóso Èkó, rán ọ̀gágun Maxwell wá gbé Anna jáde, nítorí àìsàn ti sọ ọ́ di ẹgẹrẹmìtì. Ní 1869 ni tọkọtaya náà kúrò ní Ìbàdàn pátápátá. Anna kú ní 1870. Olúbì ni ó di ìjọ Kúdẹtì mú. Orúkọ Yéjídé wà lára ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn títí di òní.

N kò fẹ́ kí a rò pé mo ń fi òróró pa ìtàn lára. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí fẹ́ yí ọmọ kúrò nínú ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀, àwọn òbí Ìbàdàn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wọn kò fi jẹ́ kí ọmọ wọn lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí mo ti máa ń kà kọjá tẹ́lẹ̀. Anna kò bímọ. Gbogbo ọmọ tí ó pín iṣu ọ̀wọ́n fún nígbà tí ọ̀nà dí, ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń rò lọ́wọ́ nígbà tí ìjà dé. Búlọ́ọ̀kù olójú-ihò ni a fi mọ ọgbà ilé àbúrò mi. Obìnrin aránṣọ kan ń gbé ní ìkejì ọgbà pẹ̀lú ọmọ méjì, obìnrin tí ó wà ní ìwé kẹfà àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n ń kọ́ni lórí rédíò, ṣùgbọ́n iná kì í sí, bátìrì sì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ náà fi di ẹni tí ń dúró sẹ́bàá ihò ọgbà láràárọ̀. Ní ọjọ́ kan, ìyàwó wa béèrè ìlọ́po méje, ohùn dáhùn láti ìta kí ti inú ilé tó dáhùn. Ó ṣí géètì fún wọn, ó ní kí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àbúrò mi bínú. Ó ní ta ni yóò dáhùn bí wọ́n bá gbé àrùn wọlé bá Ìyá? Ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìyàwó wa kúnlẹ̀, ó yíjú sí mi: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi dá sí i. Ṣebí ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó?” N kò lè dá a láre, n kò sì lè dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi, ẹ̀rù Ìyá ń ba èmi náà. Mo sọ ìtàn Kúdẹtì fún wọn. Àbúrò mi ní kò sí ẹni ọgọ́rin ọdún nílé Anna. Òótọ́ ni ó sọ.

Ìyá wa fúnra rẹ̀ ni ó parí rẹ̀, láti ojú fèrèsé. Àgbà ni òun náà ti kọ́ ìwé, ní kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí wọ́n gbé pátákó lọ sí ara ọgbà, kí àwọn ọmọ náà jókòó sí ìta lábẹ́ igi máńgòrò, kí wọ́n fi ìbòmú bo imú, kí òun máa gbọ́ kíkà wọn láti inú yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọkùnrin aránṣọ bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, ohùn arúgbó a ti fèrèsé já lù ú.

Ní 29 oṣù Kẹfà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá. Ọmọbìnrin aránṣọ wọ yunifọ́ọ̀mù, ó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó padà wá sábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó sì ń bi Ìyá léèrè ibi tí wọ́n kà dé lẹ́yìn òun.