Kí Ló Wà Nínú Ọmú Ìyá Tó Lo Chloroquine?

Ibà ń ṣe ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ó gbé chloroquine mì, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó rí, ẹ mọ yíyún tí mò ń wí.) Ọmọ ké, ó fẹ́ mu ọmú. Ṣé kó fún un, àbí kó má fún un?

Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Ifẹ̀ gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò, èsì wọn sì jáde lọ́dún 1987, ọdún tí wọ́n yí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà padà sí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìyá ọlọ́mọ 11 ló gbé 600 mg mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé nǹkan pọ̀ nínú omi ọmú. Ọ̀rá wà níbẹ̀, ṣúgà náà wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ara ti sọ díẹ̀ nínú chloroquine di nǹkan mìíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, ìyẹn desethylchloroquine. Àwa tá à ń kọ kóòdù mọ irú ẹ̀: bí data méjì bá ti dàpọ̀, iye yòówù kẹ́ ẹ rí, irọ́ ni. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọgbọ́n yíyà yẹn ti pẹ́. Mikhail Tsvet, onímọ̀ ewéko ará Rọ́ṣíà, ṣàlàyé rẹ̀ ní Warsaw lọ́dún 1903. Ó ki ẹfun lẹ́búlẹ́bú sínú túùbù gíláàsì, ó sì da omi tó ti fi yọ àwọ̀ ewé lé e lórí. Bí omi náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ làwọn àwọ̀ ń yapa, ewé tútù lápá kan, yẹ́lò lápá kejì. (“Àwọ̀” ni Tsvet túmọ̀ sí lédè Rọ́ṣíà. Orúkọ ń roni lóòótọ́!)

Nígbà tó fi máa di ayé HPLC, túùbù ti di irin, pọ́ǹpù ló sì ń ti omi gba inú ẹ̀ kọjá. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú inú túùbù á pẹ́ kó tó jáde, èyí tí kò lẹ̀ á tètè jáde. Ẹ̀rọ á ya òkè kéékèèké sórí bébà. Bí òkè kan bá ṣe tóbi tó, tẹ́ ẹ bá fi wé ti ìwọ̀n tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ ó fi mọ bí oògùn náà ṣe pọ̀ tó.

Èsì Ifẹ̀ kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù: chloroquine inú ọmú ju ti omi inú ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ibẹ̀ ni mo kà á dé, mo lè ní kí ìyá ọmọ já a lẹ́nu ọmú! Àmọ́ wọ́n ṣírò rẹ̀ síwájú: tí ọmọ bá tiẹ̀ mu lítà kan lóòjọ́, ohun tó máa wọnú ẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 0.7 nínú 100 oògùn ìyá ẹ̀ lọ. Nínú 600 mg, ìyẹn ò tó 5 mg.

Ìyá lè fún un lọ́mú. Ṣùgbọ́n kékeré yẹn ò lè wo ibà ọmọ o. Bí ibà bá mú òun náà, oògùn tiẹ̀ ni yóò lò.