Lagos Tí Kì Í Ṣe Èkó

Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ lẹ ti ń gbọ́ wa, ẹ kú ìrìn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń kà á ni, ẹ kú ìnáwó dátà. Ètò ìtàn wa ló tún dé. Ìlú kan báyìí ni mo fẹ́ ká jọ fẹsẹ̀ rìn káàkiri inú rẹ̀ lónìí. Orúkọ rẹ̀ ni Lagos. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, kì í ṣe Èkó Àkéte ni mò ń sọ. Lagos tí mò ń wí wà ní gúúsù ilẹ̀ Pọ́túgàl, ní agbègbè Algarve, létí Òkun Àtìláńtíìkì. Gbogbo èrò tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 33,000 lọ. Bóyá ni ìyẹn fi tó èrò Ọ̀ṣòdì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Bí ẹ bá tẹ orúkọ ìlú náà sórí Instagram, tí ẹ fi Portugal sí i kó má baà gbé Balógun jáde fún yín, àpáta lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ponta da Piedade ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwọ̀ àpáta náà dà bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo, òkun sì ti gbẹ́ ẹ títí tó fi di òpó, ihò àti ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi kékeré lè gbà kọjá. Ẹ máa sọ àtẹ̀gùn gígùn kan kalẹ̀ kí ẹ tó débi omi. Ìsọ̀kalẹ̀ ò le, ìgòkè padà lọ̀ràn wà. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ó tutù. Ẹni tó bá rò pé Àtìláńtíìkì Bar Beach náà nìyẹn, kó kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́ wò.

Nípa bí a ṣe ń débẹ̀, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì LOS o, Ìkẹjà nìyẹn máa gbé yín lọ! Pápákọ̀ òfurufú tó sún mọ́ ọn ni ti Faro. Láti ìlú Faro, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń tọ etí òkun lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Lagos ni ojú irin náà ti parí, ẹ ò lè gbàgbé bọ́ sílẹ̀.

Inú ìlú náà dára láti rìn. Odi àtijọ́ ṣì yí apá kan rẹ̀ ká, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tẹ́ sójú títì, àwọn ilé mìíràn sì fi táìsì aláràbarà bo ojú wọn. Wọ́n ní oúnjẹ dídùn kan tó ń jẹ́ Dom Rodrigo, pupa ẹyin, ṣúgà àti álímọ́ńdì ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á wá wé e sínú bébà tó ń dán. Mo jẹ méjì, ó tó mi. Ẹni tó fẹ́ràn ṣúgà máa jẹ márùn-ún.

Ní gbàgede Gil Eanes láàárín ìlú, ère Ọba Sebastião wà níbẹ̀. João Cutileiro ló gbẹ́ ẹ ní 1973. Ère náà dà bí ọmọdé tó wọ aṣọ àwọn tó ń lọ sínú òṣùpá, ojú rẹ̀ sì rí bíi ti ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ọba yìí ló sọ Lagos di ìlú ńlá lábẹ́ òfin ní 1573. Ní 1578, ó kó ogun jọ, ó gba Lagos lọ sí Mòrókò, ó sì kú sójú ogun nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 24. Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn náà tí ìjọba Pọ́túgàl fi bọ́ sọ́wọ́ ọba Spéìn. Lójú tèmi, Cutileiro gbẹ́ ẹ bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́.

Ẹ má fo ṣọ́ọ̀ṣì Santo António. Láti ìta, kò jọ nǹkan kan. Ẹ wọlé, wúrà ni lára ògiri láti òkè délẹ̀: igi tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà àrà, tí wọ́n sì fi wúrà bò. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755, àti omi òkun tó tẹ̀ lé e, ló ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú náà jẹ́. Wọ́n tún ṣọ́ọ̀ṣì yìí kọ́ ní 1769. Ní ọ̀rúndún yẹn, Bràsíl ni wúrà ti ń ya wọ Pọ́túgàl, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì ń wà á jáde nílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrú yìí gan-an ló gbé mi dé Lagos. Ẹ jẹ́ ká lọ sí gbàgede Infante, níwájú òkun.

Ère Ọmọ Ọba Henry wà láàárín gbàgede náà, ó jókòó, ó kọjú sókun. Ní 1960 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, nígbà tó pé 500 ọdún tó kú. Gbogbo wa ni wọ́n kọ́ nílé ìwé pé òun ni Henry Atukọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kì í tukọ̀ lọ síbì kan tó jìnnà. Àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Gil Eanes, ọmọ Lagos, tó gba ẹ̀gbẹ́ orí ilẹ̀ Bojador kọjá ní 1434, níbi tí ẹ̀rù ti ń ba àwọn atukọ̀ Yúróòpù láti kọjá tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀nà etí òkun Áfíríkà ti ṣí sílẹ̀ fún wọn.

Ní igun gbàgede yẹn, ẹ máa rí ilé kékeré kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí òpó gbé òkè rẹ̀ dúró. Mercado de Escravos ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Ọjà Ẹrú. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé inú ilé yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ta ẹrú. Ilé tí wọ́n ń yà yẹn, ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n kọ́ ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1444 kò ní òrùlé kankan lórí. Inú pápá gbalasa ni, lẹ́yìn ẹnu ibodè ìlú.

Bó ṣe lọ nìyí. Ọkùnrin kan wà ní Lagos tó ń jẹ́ Lançarote. Iṣẹ́ rẹ̀ ni gbígba owó ibodè. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Henry, ó kó ọkọ̀ ojú omi mẹ́fà jọ, Gil Eanes tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà sì wà lára àwọn ọ̀gá ọkọ̀. Wọ́n lọ sí àwọn erékùṣù ẹ̀gbẹ́ Arguin, ní etí òkun ibi tí à ń pè ní Mauritáníà lónìí. Wọ́n ká àwọn apẹja mọ́lé níbẹ̀. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọ ọwọ́, ẹni tí ọwọ́ wọ́n bá tẹ̀ ni wọ́n ń kó.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1444 ni wọ́n kó wọn sílẹ̀ ní Lagos. Àárọ̀ kùtù ni, nítorí oòrùn. Ènìyàn 235. Awọ ara wọn kò dọ́gba, àwọn kan mọ́ra, àwọn kan pọ́n, àwọn kan dúdú. Gomes Eanes de Zurara, akọ̀wé ìtàn fún ọba Pọ́túgàl, ló kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní nǹkan bí 1453, kì í sì í ṣe ọ̀tá Henry rárá. Ìwé ìyìn ló ń kọ fún un. Síbẹ̀, ohun tó kọ ò ṣeé kà tán ní ìjókòó kan. Ó ní àwọn kan dorí kodò tí omijé bo ojú wọn, àwọn kan gbójú sókè ọ̀run tí wọ́n ń ké, àwọn kan ń dárò bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú wọn. Nígbà tó wá di pé kí wọ́n pín wọn sí ọ̀nà márùn-ún, wọn ò wo ti ọkọ tàbí aya, wọn ò wo ti baba tàbí ọmọ. Àwọn ìyá ń ki ọmọ mọ́ra, wọ́n ń dojú bolẹ̀ lórí wọn, kí wọ́n má baà já wọn gbà. Àwọn ará ìlú pa iṣẹ́ tì, wọ́n wá wòran.

Henry wà níbẹ̀ lórí ẹṣin. Ènìyàn 46 ló bọ́ sí ìpín tirẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún, ó sì pín wọn fún àwọn ènìyàn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó pín rárá ni wọ́n ti yọ ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀ṣì ìlú. Wọ́n fi ọmọdékùnrin kan ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹ́sìn ní São Vicente, ó sì padà di ọ̀kan lára wọn. Zurara ní àánú ṣe òun. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ọkàn wọn máa rí ìgbàlà, nítorí náà kò burú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, gbólóhùn kejì yẹn bí mi nínú ju àwọn yòókù lọ, torí a ṣì ń gbọ́ irú rẹ̀ títí dòní.

Kì í ṣe pé ẹrú ò sí ní Yúróòpù kí ọjọ́ yẹn tó dé, wọ́n tilẹ̀ ti kó ènìyàn díẹ̀ wá láti etí òkun kan náà ní 1441. Àmọ́ ti 1444 ni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kó èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gba orí Àtìláńtíìkì láti Áfíríkà, tí wọ́n á pín in ní gbangba, tí ọmọ ọba á sì gba ìpín tirẹ̀. Lẹ́yìn tí Henry kú ní 1460, òwò náà ṣí lọ sí Lisbon.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín: ṣé àwọn wọ̀nyí náà ló fi orúkọ ìlú wọn sọ Èkó? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbè wọ́n tó bí wọ́n ṣe rò. Orúkọ àtijọ́ ti Lagos tiwọn ni Lacobriga, kó tó yí padà. Ní tiwa, ohun tó wà nínú àwọn àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ tí àwọn Potogí yà ni Lago de Curamo. Lago lédè wọn ni adágún. Curamo yẹn náà ni Kúrámò tí ẹ mọ̀ ní Victoria Island. Nígbà tí òwò ẹrú wá gbóná janjan ní Èkó, ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, Onim ni àwọn Potogí àti àwọn ará Bràsíl ń pè é nínú ìwé wọn. Ọ̀rọ̀ omi ni orúkọ Lagos tiwa jọ mọ́ jù lójú mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú Henry. Àwọn tí wọ́n kó lọ́jọ́ yẹn ní 1444 pàápàá, kò sí ọmọ Yorùbá kankan nínú wọn. Ìgbà tiwa ṣì ń bọ̀, ó sì dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn Àgùdà ní Pópó Àgùdà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Pọ́túgàl, torí mo fi ibì kan pamọ́ tí kì í sí nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò.

Ní 2009, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú, ní Vale da Gafaria, níbi tí ilé àwọn adẹ́tẹ̀ wà láyé àtijọ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́. Wọ́n bá kan ààtàn kan tí ìlú ń da ìdọ̀tí sí láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Nínú ààtàn yẹn, láàárín egungun ẹran àti àwo tó fọ́, wọ́n rí egungun ènìyàn 158. Àgbà wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn, ṣe ni wọ́n jù wọ́n síbẹ̀ láìtẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Ó jọ pé wọ́n de àwọn kan. Àwọn kan pa eyín wọn lára bí wọ́n ṣe ń ṣe é láwọn ibì kan ní Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Coimbra yẹ̀ wọ́n wò, àyẹ̀wò DNA tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 sì fi hàn pé ọmọ Áfíríkà ni àwọn tí wọ́n ṣe é fún.

Kì í ṣe Lagos nìkan. Ní 1515, Ọba Manuel pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò kan ní Lisbon fún òkú àwọn ẹrú, torí wọ́n ń jù wọ́n káàkiri tí ajá ń jẹ wọ́n. Títì kan ṣì wà ní Lisbon tó ń jẹ́ Kòtò Àwọn Aláwọ̀ Dúdú.

Ọjà Ẹrú di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2016. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó dáa, ẹ wọ ibẹ̀. Ti Gafaria ńkọ́? Wọ́n kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí náà tán. Òkè rẹ̀ ni wọ́n wá fi ṣe pápá gọ́ọ̀fù kékeré, irú èyí tí ìdílé máa ń gbọ́mọ lọ ṣeré níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ń wá òkúta tàbí pátákó tó máa sọ fún mi pé àwọn 158 wà níbí. Ohun tí mo rí ni iye owó tí wọ́n ń gba fún wákàtí kan.

Bí ẹ bá lọ, ẹ wo àpáta yẹn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ó lẹ́wà. Láti Gafaria sí gbàgede Infante, ìrìn ẹsẹ̀ ni.